Ẹ̀rọ Ìhòòhò Tó Wà ní Ìdí Odi

Ìbírónkẹ́ gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn irin kí ó tó rí ẹni tó ń bọ̀. Bàtà ìjọba ni. Rọ́bà ni gbogbo ará Agbódò yòókù ń wọ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n awọ ni àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ojú ń wọ̀, bàtà wọn a sì máa sọ̀rọ̀ ṣáájú wọn. Ó dìde lórí àpótí, ó lọ dúró síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí àgbébọ̀ adìyẹ ṣe ń dúró síwájú ọmọ nígbà tí àwòdì bá ń rà bàbà lókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùṣọ́ ibodè," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ rọra, ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ti dógùn-ún."

Adéwọyin ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti pàdé rí ní gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀, níbi tí ó ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìwo ojú rẹ̀. Ó ga, ó rù, irun rẹ̀ sì funfun ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nǹkan kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e bí wọ́n ṣe ń wé ìwọ́ ọmọ tuntun. Ìbírónkẹ́ mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà: Ojú, tí wọ́n ń fi wọ ẹ̀rọ kó lè máa rí ènìyàn, kó sì máa sọ̀rọ̀.

"Òní ni òpin rẹ̀," ni Adéwọyin wí. "Gbogbo ibodè yòókù ti gba Ojú. Gbogbo ilé, gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ìkòkò ìdáná. Tiyín nìkan ni ẹ̀rọ tó ṣì wà ní ìhòòhò ní Agbódò."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí òkun fà sẹ́yìn ná ni mo ń bẹ̀ yín sí."

Ó fi ọwọ́ lé ògiri tó wà ní apá òsì rẹ̀. Odi ni wọ́n ń pè é. Òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlú sì wà níwájú rẹ̀, ìlú sì rẹlẹ̀ ju òkun lọ bí omi bá ti kún. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan Odi ní ọ̀sán bíi tòní, nígbà tí omi ń kún, yóò mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń gbọ̀n.

"Òjò àárọ̀ ṣì kún ìgboro," Ìbírónkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ṣí ibodè sílẹ̀ láti máa dà á síta. Tí mo bá tì í báyìí, àwọn ará Ìsàlẹ̀ á gbé inú omi sùn. Tí mo bá sì pẹ́ kí n tó tì í, òkun á gba ibẹ̀ wọlé. Àárín méjèèjì ni mo wà. Èyí kì í ṣe àsìkò tí à ń wọ aṣọ fún ẹ̀rọ."

"Ojú á tì í fún yín. Ẹ kàn máa sọ fún un ni."

"Ẹ̀rọ yìí kéré, sà."

Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin náà lè rí i. Orí òkúta gíga kan ni kọ̀ǹpútà náà wà, kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ. Gíláàsì dúdú kan ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú kíbọọ̀dù tí ìka ti pa lẹ́tà ara rẹ̀ rẹ́, àti àmì funfun kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Kò sí àwòrán lára rẹ̀, kò sí ohùn. Ìran Línọ́ọ̀sì ni, ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ìran kan náà tí Ojú fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Láti ayé àwọn babańlá ni ìdílé yẹn ti pín sí méjì: àwọn kan wọṣọ, wọ́n lé tìróò, wọ́n jókòó sí pálọ̀ láti máa gba àlejò, àwọn kan dúró sí ẹ̀yìnkùlé, wọn ò wọ nǹkan kan, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

"Ẹ fẹ́ gbé ẹrù àgbà ru ọmọ ọwọ́," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Agbára tó ní kò ju kó ti ibodè, kó ṣí i, kó sì fa omi lọ. Tí Ojú bá jókòó lé e lórí, níbo ni yóò ti rí agbára ṣiṣẹ́?"

"Gbogbo olùṣọ́ ló ń sọ báyẹn." Adéwọyin jókòó sórí ìtẹ̀sẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ibodè Àríwá?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

"Àrùn ẹ̀gbà gbé olùṣọ́ ibẹ̀ ṣánlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó mi gbé oúnjẹ lọ fún un, ó sì bá a nílẹ̀, omi ń kún, ibodè ṣí sílẹ̀. Ó jókòó síwájú irú gíláàsì yìí gan-an. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí n sọ ohun tí òun máa tẹ̀ fún òun. Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló nílò, olùṣọ́ ẹyọ kan ló sì mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè la ẹnu." Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀yin olùṣọ́ fẹ́ràn ìhòòhò yín. Ẹ ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ká ní Ojú wà níbẹ̀ ni, yóò ní, 'Ẹ kú àbọ̀, Ìyá, ṣé kí n ti ibodè?' Mọ́rẹ́nikẹ́ á sì wà láyé."

Ìbírónkẹ́ mọ̀ pé ohun tí ó sọ kì í ṣe irọ́. Òun náà, ta ni òun ti kọ́? Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mọ́ ọn pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó wí. "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́."

Adéwọyin fa àwo pẹlẹbẹ kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn wá yọ nínú àpò, ó sì yí i sí i. Ìyẹ̀wù tí Ìbírónkẹ́ mọ̀ dáadáa ló wà nínú rẹ̀: aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé, ibùsùn funfun, àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, tó jókòó ti ìrọ̀rí. Ìyá náà ti fọ́jú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Ibùsùn náà ló ń mí fún un. Ojú tó wà lára ògiri ń ròyìn fún un bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ìyá sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fẹ́ fi ìyá mi dẹ́rù bà mí?"

"Èmi kọ́." Ohùn rẹ̀ já wálẹ̀. "Tí ẹ bá kọ̀, ilé yín á tì. Tí mo bá gbé nǹkan yìí padà láìfi sí i, tèmi náà á tì. Ilẹ̀kùn, iná, omi, ibùsùn, gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tì í, Ìyá Olùṣọ́. Kò sí ẹni tí a lè lọ bẹ̀. Ojú ló ń tì í fúnra rẹ̀."

Omi lu Odi lẹ́yìn wọn. Erùpẹ̀ díẹ̀ jábọ́ láti òkè.

Ìbírónkẹ́ ronú kan ibùsùn yẹn. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sunkún kí Ojú tó dé, nígbà tí kò lè dá fọ ara, tí kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ó yẹ̀ kúrò níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fi sí i," ó wí.

Adéwọyin tú aṣọ funfun. Ó ti nǹkan náà bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì tẹ àtàǹpàkò lé e. Àmì funfun dẹ́kun ṣíṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí gíláàsì, ó kọjá gíláàsì, ó gun ògiri, ó sì tàn dé òkè àjà, títí gbogbo yàrá tó ṣókùnkùn náà fi mọ́lẹ̀ bí ọjà ọjọ́ ọdún. Ojú kan yọ láàárín rẹ̀, ó rí roboto, kò ṣe ọkùnrin, kò ṣe obìnrin, ẹ̀rín sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùṣọ́," ni ó wí. "Mo ti dé. Kí ni kí n bá yín ṣe?"

"Fi omi hàn wá," ni Adéwọyin wí.

Òkun yọ sára ògiri ní àwọ̀ aró, ìlú wà nísàlẹ̀ ní àwọ̀ osùn, Odi wà láàárín wọn, ibodè sì wà níbẹ̀ bí ẹnu tó là sílẹ̀. Ìlà kan ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì ká eyín lè rí i pé omi ń bọ̀. Adéwọyin bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ wò ó," ó ń wí. "Ẹ kàn wò ó."

Ìbírónkẹ́ wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló tún wá bà á lẹ́rù. Ọdún gbogbo tó fi jókòó ti gíláàsì dúdú, ó ń ro omi yìí nínú orí ni, kò rí i rí. Ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ibodè.

"Ti ibodè," ó wí.

"Ó ti yé mi. Ibodè ń tì."

Irin ńlá dún nínú Odi. Lórí ògiri, ẹnu náà ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìdajì. Ó dúró.

"Ti ibodè!"

"Ẹ má bínú, Ìyá Olùṣọ́. Mo rí aṣọ tuntun kan gbà láti Ilé Ojú. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́."

Òdòdó kékeré kan yọ sí àárín ojú náà, ó ń yí po, ó ń yí po. Ìró àwọn pọ́ńpù, tí Ìbírónkẹ́ kì í gbọ́ mọ́ nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára bí èémí ara rẹ̀, rọlẹ̀, ó di ìkérora, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà burú ju ariwo lọ.

"Ẹ ní kó dá a dúró," ó wí fún Adéwọyin.

"Ojú, dá a dúró. Mo ní kí o dá a dúró! Àṣẹ Ilé Ojú ni!"

"Kò ní pẹ́," ni Ojú wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Omi wọlé. Kò hó, kò pariwo. Ó kàn yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn kòtò wọlé bí ejò, ó tutù, ó ń rùn bí iyọ̀ àti ewé jíjẹrà. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti bo bàtà awọ Adéwọyin. Ojú ọkùnrin náà ti funfun bí eérú. Ó ti gbọ́ ìró omi yìí rí, lórí fóònù.

"Ọwọ́ ò lè yí ibodè yìí," ni Ìbírónkẹ́ wí kíákíá. "Ó wúwo ju ilé lọ. Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ Ojú kúrò. Egungun ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tó bá bọ́ aṣọ yìí sílẹ̀ á jí."

"Ẹni tó bá bọ́ Ojú kúrò lára ẹ̀rọ…"

"Mo mọ̀."

"Ilé rẹ̀ á tì lójú ẹsẹ̀. Wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ kankan. Tèmi, tiyín. Ìyá yín…"

"Mo ní mo mọ̀!"

Omi dé orúnkún. Lókè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ni gbogbo Ìsàlẹ̀ wà, àwọn ilé tó sún mọ́ra bí eyín, àwọn ènìyàn tí wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán, tí Ojú ń sọ fún wọn pé kò séwu. Ní ọwọ́ kejì ni ibùsùn funfun kan wà. Ìbírónkẹ́ na ọwọ́ gba àwo pẹlẹbẹ náà.

"Màámi."

Àwẹ̀ró yí orí síbi tí ohùn ti wá. "Rónkẹ́? Ṣé kò sí nǹkan o? O kì í pè mí lọ́sàn-án."

"Màámi, ẹ na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, lápá ọ̀tún. Ẹ máa rí ẹwìrì kan, rọ́bà ni, ó ní ìbòmú lẹ́nu. Ẹ fà á jáde."

"Ẹwìrì kẹ̀? Ti ìgbà tí iná máa ń lọ yẹn? Ọwọ́ mi ò lágbára mọ́ ná, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ fi bo imú, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bí ibùsùn bá dákẹ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Mò ń bọ̀. Ẹ má dá ọwọ́ dúró títí n ó fi dé."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ abẹ́ ibùsùn, ó ń wá a káàkiri. "Àbẹ̀kẹ́ mi," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n, "ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, yára ṣe é."

Ìbírónkẹ́ wo Adéwọyin. Omi ti dé itan wọn. Ọkùnrin náà wo ojú tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó na àtàǹpàkò. Ó fà á sẹ́yìn. Ó tún nà án, ó sì tẹ̀ ẹ́ lé ìdí nǹkan náà. Ìbírónkẹ́ di nǹkan náà mú, ó sì fà á tu.

Ìmọ́lẹ̀ kú. Nínú òkùnkùn náà, gíláàsì kékeré nìkan ló kù, ó dúdú, àmì funfun kan sì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìbírónkẹ́ kò nílò láti wo kíbọọ̀dù. Ìka rẹ̀ sáré. Irin ńlá dún nínú Odi, ó dún pẹ́, gbogbo yàrá mì, ibodè sì pa dé bí eyín tó pàdé eyín. Àwọn pọ́ńpù hó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi.

Wọn kò dúró wò ó. Adéwọyin gbé ọ̀pá irin kan tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, àwọn méjèèjì sì sáré gun òkè.

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde sí ìgboro, ojú tó wà lára ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yíjú sí wọn. "Ìbírónkẹ́, olùṣọ́ ibodè," ni ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ènìyàn. "Adéwọyin, òṣìṣẹ́. Wọ́n ti bọ́ Ojú kúrò. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún wọn." Ilẹ̀kùn kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìkẹta gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ń sáré ṣáájú wọn lójú títì, ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà. Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, Ìbírónkẹ́ ń rí orí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n yọ tí wọ́n sì tún fà sẹ́yìn.

Ilé rẹ̀ ti tì. Ojú ara ilẹ̀kùn náà, èyí tó ti ń kí i káàbọ̀ lójoojúmọ́, wò ó bí àlejò. "Kò sí ẹni tó ń gbé ibí," ni ó wí.

"Màámi! Màámi o!"

Kò gbọ́ nǹkan kan. Adéwọyin ti ọ̀pá irin bọ etí ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì fi gbogbo ara tì í. Kò mì. Wọ́n tún tì í. Ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan dé lẹ́yìn wọn, ó sì gbá ìdí ọ̀pá náà mú: Ṣùbúọlá ni, aládùúgbò òdìkejì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ àti aṣọ sísá ní èjìká. Òjò ló lé e jáde wá kó aṣọ.

"Ṣùbúọlá, ilé rẹ," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Ó ń wò ẹ́. Padà!"

"Ẹ̀yin ẹ tì í!" ni Ṣùbúọlá pariwo. "Ìyá ló wà níbẹ̀!"

Ilẹ̀kùn já.

Àwẹ̀ró ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹwìrì, ìka tí làkúrègbé ti mú kákò ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tí ẹyẹ fi ń ṣa ọkà. Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀, ó gba ẹwìrì náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀. Àyà ìyá rẹ̀ gbé sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó sunkún, kò sì dá ọwọ́ dúró.

Níbo ni wọn ó gbé e lọ? Ilé ìwòsàn ní Ojú. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Ojú, mọ́sáláṣí ní Ojú. Adéwọyin gbé ìyá náà pọ̀n, Ìbírónkẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ ẹwìrì, àwọn ilẹ̀kùn sì ń pè wọ́n lórúkọ láti òpin àdúgbò dé òpin rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló kù ní Agbódò tí ẹ̀rọ kò ti mọ ènìyàn, tí kò mọ olóòótọ́, tí kò sì mọ ọ̀daràn. Wọ́n padà sí ìdí Odi. Ilẹ̀kùn irin lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkérè tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Wọ́n fà á.

Omi ti fà kúrò nílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìyá sórí àpótí méjì tí wọ́n so pọ̀, wọ́n sì jókòó. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ètè Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọjọ́ rọ̀. Òjò kò dá. Ìbírónkẹ́ gbé etí sí Odi, ó sì mọ̀ pé òkun ti ń padà lọ, ṣùgbọ́n òjò ń kún ìlú láti inú, ibodè sì tì.

"A ní láti ṣí i," ó wí. "Omi Ìsàlẹ̀ á ti dé orí ibùsùn àwọn ènìyàn."

"Ẹ ṣí i."

"Mi ò lè dá ọwọ́ dúró." Ó ń tẹ ẹwìrì. Apá rẹ̀ ti kú. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i."

Adéwọyin wo gíláàsì dúdú náà. Kò mira.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ ẹwìrì, kí ẹ̀yin…"

"Mo ti mọ bí ìyá mi ṣe ń gbà á, sà, tí ọwọ́ bá yí padà, yóò pàdánù èémí. Ẹ jókòó síbẹ̀. Èmi á máa pe lẹ́tà, ẹ̀yin á máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà."

Ó jókòó. Òógùn bo ọrùn rẹ̀. Ìbírónkẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà fún un, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, lókè, lápá òsì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i. *Ṣí ibodè.* Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fi ìka kan iná. Lẹ́ẹ̀kan, ó ṣìṣe. Ìbírónkẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kó tẹ èyí tó tóbi jù lápá ọ̀tún.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà fò sókè. Àmì funfun ń ṣẹ́jú. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Kò dáhùn," ni Adéwọyin wí. "Kò dáhùn. Kí ni mo ti bàjẹ́? Ìyá, mo ti bà á jẹ́."

"Kì í dáhùn, sà. Tí nǹkan bá bàjẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n dúró. Nígbà náà ni irin ńlá kérora nínú Odi, omi ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sínú òkun pẹ̀lú ìró ńlá kan. Adéwọyin gbé orí lé apá rẹ̀ níwájú kíbọọ̀dù, ó sì pe orúkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Láìpẹ́ ni wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn, láti òkè àtẹ̀gùn. Gbà, gbà, gbà. Ọwọ́ ló ń lu irin. Adéwọyin ta kìjí, ó wo Ìbírónkẹ́. Wọn kò rántí ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ní Agbódò mọ́. Ojú ti máa ń rí ènìyàn kí ó tó dé.

"Wọ́n ti wá mú wa," ni Adéwọyin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwẹ̀ró ju ọwọ́. Ìbírónkẹ́ gbé ìbòmú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó fẹ́ mú èèyàn kì í kan ilẹ̀kùn," ni ìyá náà wí. "Ṣí i fún wọn."

Adéwọyin gun àtẹ̀gùn lọ. Ìbírónkẹ́ gbọ́ bí ó ṣe dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò fa ìkérè, tó ń mí. Lẹ́yìn náà ni ó fà á.

Ṣùbúọlá ló dúró síbẹ̀ nínú òjò, ọmọ rẹ̀ ti sùn lẹ́yìn, aṣọ sísá tí kò gbẹ ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní gbogbo ojú ọ̀nà, ni àwọn ará àdúgbò dúró sí, àgbà àti ọmọdé, wọn kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀.

"Ojú ti ti àdúgbò wa pátá mọ́ wa síta nítorí ilẹ̀kùn tí a já," ni Ṣùbúọlá wí. "Ṣé àyè wà?"